Ọjọ́ Tí Wọ́n Ní Kí Oníbéèsì Jókòó Sílé

Láti àárọ̀ ni wọ́n ti fi àga há Boaz mọ́ igun pálọ̀. Wọn ò sọ pé àwọn ń ṣọ́ ọ o, àmọ́ ẹni tó bá lójú á rí i. Àga tiwọn wà lẹ́nu ọ̀nà, tirẹ̀ wà lọ́hùn-ún lábẹ́ fèrèsé, kò sì sí bí yóò ṣe dìde tí kò ní kọ́kọ́ bẹ àwọn àgbà kí wọ́n ká ẹsẹ̀ kò.

Ayọ̀dèjì, àkọ́bí rẹ̀, ni wọ́n fẹ́ lọ sin ní Ìkirè, ìlú wọn, lọ́jọ́ náà. Mọ́tò ló pa á nítòsí Àṣejíre, nígbà tó ń ti Ìbàdàn bọ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ẹ jọ̀ọ́, kí lèèyàn fẹ́ sọ sí ìyẹn? Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ nílẹ̀ wa. Bàbá ò gbọdọ̀ tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀, ìyá ò gbọdọ̀ mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Àwọn àbúrò olóògbé àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe gbogbo ẹ̀. Àwọn àgbà á jókòó ti òbí nílé, wọ́n á máa fi ọ̀rọ̀ dá a dúró, títí àwọn tó lọ sìnkú á fi dé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe fún Boaz nìyẹn, nínú ilé rẹ̀ ní Àpòmù. Títílọlá ìyàwó rẹ̀ wà ní yàrá láàárín àwọn obìnrin, ẹkún rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.

Ẹkún Boaz lẹnikẹ́ni ò rí, ìyẹn gan-an ló sì ń bà wọ́n lẹ́rù. Ọkùnrin náà jẹun! Wọ́n gbé ìrẹsì síwájú rẹ̀, wọ́n rò pé yóò tì í sẹ́yìn. Ó jẹ ẹ́ tán pátá, ó nu ẹnu, ó ní kí Ọlọ́run bù sí i fún ẹni tó sè é. Bí ẹnìkan bá wọlé tó ní, "Ẹ kú àmúmọ́ra o, Bàbá Ayọ̀, Ọlọ́run á dá àwọn ìyókù sí," á dáhùn pé, "Àmín, ẹ ṣeun," bí ìgbà tí wọ́n kí i kú ìjókòó lásán. Nínú ara rẹ̀ lọ́hùn-ún, kò sí nǹkan kan. Ó wá a, kò rí i. Àyà rẹ̀ ti kú tipiri bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé lórí pẹ́.

Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀: ó fẹ́ lọ. Kì í ṣe pé ó fẹ́ lọ sunkún níbẹ̀. Ó kàn fẹ́ fojú rí i ni, bóyá ara rẹ̀ á gbà pé òótọ́ ni. Ó ti sọ ọ́ láàárọ̀, wọ́n sì pariwo lé e lórí pé, "Èèwọ̀ rèé!" Ló bá panu mọ́.

Àbdùlràhmọ̀n ló mọ ohun tó yẹ kóun ṣe. Ilé-ìwé gíráámà lòun àti Boaz ti di ọ̀rẹ́. Òun ló ń lu dúrọ́ọ̀mù nígbà tí Boaz ń ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n pè ní Mànàmáná. Ó ti di bàbá onírùngbọ̀n funfun báyìí, àmọ́ tó bá rí Boaz, ẹnu ọmọdé ló fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Boaz, gìtá ẹ àkọ́kọ́ ńkọ́? Kí la fi ṣe é gan-an? Àwọn èèyàn yìí ò gbà mí gbọ́."

Irọ́ ló pa. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Boaz náà mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti dáhùn ju kó má dáhùn lọ.

"Igi ọmọ̀," ló wí. "Àjẹkù pákó tí kápẹ́ńtà fi kan àga ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi ni mo fi ayùn gé e. Ó wúwo, ejìká mi kan ṣì rẹlẹ̀ ju èkejì lọ dòní."

"Okùn ẹ̀ ńkọ́?"

"Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ bàbá mi."

"Kí ni Bàbá wá fi ń dá kẹ̀kẹ́ dúró?"

"Ẹsẹ̀."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọ̀kan nínú àwọn àgbà, ó yára fi ikọ́ bò ó. Tíṣà ìjọ Áńgílíkà ni bàbá Boaz nígbà ayé rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ tó wọ kóòtù ní gbogbo ìgbà. Ẹ wò ó bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú Bíbélì lábíyá, tó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́ ilẹ̀, tí kò sì mọ̀ pé ọmọ òun ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà!

Boaz ń sọ ọ́ lọ. Kò yára, kò falẹ̀. Ó ní áńpù tó ń gbé ohùn gìtá jáde ò sí níbì kankan, nítorí náà àwọn yọ gbohùngbohùn inú tẹlifóònù kan tó ti bàjẹ́, àwọn dè é mọ́ abẹ́ okùn, àwọn sì so ó mọ́ asọ̀rọ̀mágbèsì bàbá òun. Ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ ta okùn tó nípọn jù, pẹpẹ mì, adìẹ sá jáde nínú ilé, sípíkà asọ̀rọ̀mágbèsì sì ya sí méjì. Ẹ̀kọ tútù àti bébà ìwé ìròyìn ni àwọn fi lẹ̀ ẹ́ pa dà. Láti ìgbà náà, gbogbo ìròyìn ń jáde níbẹ̀ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, bàbá rẹ̀ sì ń ráhùn pé àwọn ará ilé-iṣẹ́ rédíò ò tọ́jú ara wọn.

"Nígbà tó yá la rí béèsì gidi," ni Àbdùlràhmọ̀n fi kún un.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Láti Gbọ̀ngán. Ẹgbẹ́ olórin kan ló tú ká níbẹ̀. Orí àpò kòkó ló jókòó lé nínú lọ́rì títí dé ibí. Oòrùn ti jẹ́ kí ọrùn ẹ̀ tẹ̀. A fi aṣọ tútù wé e, a to òkúta lé e, ó bá wa gbà díẹ̀. Gìtá dáadáa ni."

Ọkùnrin tó máa ń fò dìde tó bá ń sọ ìtàn yìí, tó máa ń fi ẹnu dún béèsì, tó máa ń lu itan ẹni tó bá jókòó tì í! Lọ́jọ́ náà, bí ẹni tó ń ka ìfilọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ṣe sọ ọ́. Àbdùlràhmọ̀n rí i pé ọ̀rọ̀ fẹ́ tán lẹ́nu rẹ̀, ó yára ju òmíràn síwájú.

"Àwo ńkọ́? Èwo lo fẹ́ràn jù nínú àwọn àwo tíṣà sáyẹ́ǹsì?"

Tíṣà kan ló wà nígbà yẹn ní ilé-ìwé wọn, ará Ìbàdàn, irun rẹ̀ kún bí igbó. Lọ́jọ́ Jímọ̀ á yá wọn ní àwo orin rọ́ọ̀kì, lọ́jọ́ Ajé wọ́n á dá a pa dà. Àwọn ọmọ náà ò lè pe orúkọ òyìnbó tó kọ ọ́, wọn ò sì yọ ara wọn lẹ́nu. Àwòrán ara páálí ni wọ́n fi sọ àwo lórúkọ. Ọ̀kan ń jẹ́ Ilé Tó Ń Jó. Ọ̀kan ń jẹ́ Ràkúnmí Pupa. Èyí tí kò ní àwòrán kankan, tó dúdú láti òkè délẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Opó. Ti àwọn ọmọ Náíjíríà náà wà níbẹ̀ o, àwọn ọmọkùnrin ìhà Ìlà Oòrùn tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí lọ́dọ̀ wọn, tí wọ́n ń ta gìtá bí ẹni pé wọ́n fẹ́ fà á ya. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gbọ́ rọ́ọ̀kì tẹ́ ẹ ń sọ pé ariwo ni, ẹ ò gbọ́ nǹkan kan ni.

"Ràkúnmí Pupa," ni Boaz dáhùn. "Apá kejì. Béèsì ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀, gbogbo àwọn tó kù dákẹ́, wọ́n ń gbọ́. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo ti rò pé ẹ̀yìn ni oníbéèsì ń dúró sí, pé èèyàn ò ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ àfi tó bá dákẹ́."

"Ṣé ẹ rí Ràkúnmí Pupa yẹn," ni Àbdùlràhmọ̀n wí, ó kọjú sí àwọn yòókù, ara rẹ̀ ti ń yá. "Ẹ̀rọ àwo ẹ̀gbọ́n bàbá mi, oníṣòwò kòkó, la fi ń gbọ́ ọ. Bátìrì ló ń lò. Ta ló máa ra bátìrì tuntun fún wa? A máa ń sá ti àtijọ́ sóòrùn ni, kó lè tún mí díẹ̀. Àwo wá ń rọra yí, ohùn ń rọra lọ sílẹ̀. Àwa ò mọ̀! A rò pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ gbogbo orin, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni tí oorun ń kùn. A lọ ta á ní òpin ọdún ní Ìkirè, gbogbo òbí pé jọ. Tíṣà sáyẹ́ǹsì jókòó níwájú, ó dorí kodò. Nígbà tá a parí, ó wá bá wa lẹ́yìn pèpéle, ó wojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní…"

Àádọ́ta ọdún ló ti ń sọ ìtàn yìí, òpin rẹ̀ ló sì ń pa gbogbo ayé lẹ́rìn-ín. Ó ti sáré débẹ̀ kó tó rántí ibi tó jókòó sí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn àgbà tó mọ ìtàn náà wo ilẹ̀.

"Ó ní, 'Ta ló kú?'" ni Boaz parí rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ẹkún Títílọlá ń bọ̀ láti inú yàrá.

"Ayọ̀ rí i lórí fóònù," ni Boaz tún wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò dárúkọ ọmọ náà láti àárọ̀. "Ràkúnmí Pupa. Ó wá a títí, ó rí i. Ó gbé e sí mi létí, mo ní èyí kọ́, ó ń sáré jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ tẹ nǹkan kan lára fóònù yẹn, orin náà sì ń rọra lọ bíi ti bátìrì wa. Ó ní, 'Dádì, ṣé ó ti di tiyín báyìí?' Ló bá gbé béèsì, ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Títí di ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, tó bá fẹ́ dán áńpù wò ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, òun ló máa ń kọ́kọ́ ta." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé wọ́n á ti débẹ̀ báyìí?"

Ó dìde. Àwọn àgbà náà dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Àbdùlràhmọ̀n di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Jókòó, Boaz. Bó o bá mọ ibẹ̀, ojoojúmọ́ lẹsẹ̀ ẹ á máa gbé ẹ lọ. O ò ní í lè ṣiṣẹ́, o ò ní í lè sùn. Àwọn tó ṣòfin yẹn ò kórìíra òbí. Jókòó, ọ̀rẹ́ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́."

Ó jókòó. Kò bínú. Ì bá tiẹ̀ bínú, ara ì bá tu àwọn tó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ ti yẹ̀ lórí nígbà tí àwọn tó lọ sìnkú dé. Olúgbémi ló ṣáájú wọlé, ọ̀rẹ́ Ayọ̀dèjì tímọ́tímọ́, tí wọ́n jọ ń kọrin. Àwọn àgbà ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n fọwọ́ fọsẹ̀ lọ́hùn-ún kí wọ́n tó wálé, wọ́n sì fọ̀ ọ́ lóòótọ́. Ojú Olúgbémi wú, ó pọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú Boaz.

"Dádì, a ti dé o."

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Boaz wí. Nígbà tí ọmọ náà dìde ló rí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó fọ ẹsẹ̀, kò fọ bàtà. Amọ̀ funfun ló lẹ̀ mọ́ ọn yí ká, ó ṣì tutù. Gbogbo ilẹ̀ Ìkirè ló pupa, àfi ibì kan ṣoṣo lẹ́bàá odò, lójú ọ̀nà Ìkirè-Ilé, níbi tí amọ̀ ti funfun bí ẹ̀fun. Ọmọ Ìkirè wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ponmi ní kékeré. Ohun tí odindi àgbà fi gbogbo ọjọ́ gbé pamọ́ fún Boaz, bàtà ti tú u síta láìlanu.

Boaz ti mọ̀. Ó mọ apá ibi tó wà, ó mọ igi tó ṣíji bo ibẹ̀. Títílọlá náà, ọmọ Ìkirè ni.

"Ṣé ohùn Olúgbémi nìyẹn?" Títílọlá ń bọ̀ láti inú yàrá, àwọn obìnrin ń dì í mú, ó ń já ara rẹ̀ gbà. "Ẹ jẹ́ kí n kí i. Ẹ jẹ́ kí n kí ọmọ mi kú iṣẹ́."

Boaz dìde. Kò bẹ ẹnikẹ́ni kó ká ẹsẹ̀, ó gba àárín wọn kọjá. Abọ́ omi tí wọ́n fi fọwọ́ nígbà oúnjẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ó gbé e, ó kúnlẹ̀ síwájú Olúgbémi, ó fa ẹsẹ̀ ọmọ náà sínú abọ́ tòun ti bàtà.

"Ẹ gbà mí o! Dádì, ẹ dìde, ẹ má ṣe èyí fún mi!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́," ni Boaz wí lábẹ́ ohùn. "Ìyá ẹ ń bọ̀. Kò gbọdọ̀ rí i."

Ó ń fi ọwọ́ ha á, ó ń fi èékánná wa á níbi tó ti há sí abẹ́ bàtà, ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ kejì. Amọ̀ náà ń yọ́ sínú omi. Nígbà tí Títílọlá ká kọ́tìnì, bàtà méjèèjì ti mọ́, omi inú abọ́ ti funfun bí ògì.

"Bàbá Ayọ̀! Kí lẹ̀ ń ṣe nílẹ̀ níwájú ọmọ kékeré?"

"Bàtà ẹ̀ ló dọ̀tí."

Títílọlá wò ó, kò yé e. Àmọ́ obìnrin ni, ó rí omi ìdọ̀tí ní pálọ̀ rẹ̀ níṣojú àlejò, ọwọ́ rẹ̀ lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú omijé lójú, ó di etí abọ́ náà mú.

"Ẹ gbé e wá, kí n bá yín dà á nù."

Boaz ò jọ̀wọ́ rẹ̀. Títílọlá fà á, ó fà á pa dà. "Fi í lẹ̀, Ìyá Ayọ̀," ló wí. "Fi í lẹ̀, má dà á nù." Ó fi apá méjèèjì gbá abọ́ náà mọ́ àyà, omi dà sí i láṣọ, ó sì bú sẹ́kún.