Píkọ́ọ̀pù Bupha àti Ère Orí Afárá

Ogún ọdún ni Bupha ti fi ń kó èso dùríánì láti oko wa ní Chanthaburi, ní ilẹ̀ Thailand. Ọdọọdún, nígbà Songkran, ọdún tuntun wa, píkọ́ọ̀pù rẹ̀ náà ló ń gbé ère Búdà yí abúlé ká kí a lè da omi òdòdó sí i lára. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, lórí afárá tó yọ gegele, ọkọ̀ fò, ère sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú. Baálẹ̀ Prayat ní bó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ẹlòmíì ni yóò máa gbé e.

Bupha wá bá mi. Èmi Chuai, abẹ́ ọkọ̀ ni mo ti kàwé. Kò sí mẹkáníìkì láti ibí dé etí òkun tí kò jí ọgbọ́n mi.

"Bàbá, mo ti ra ṣọ́ọ̀kì tó rọ̀ jù lọ́jà. Ṣe ló tún ń fò sí i."

"Ta ló ní kí o ra èyí tó rọ̀?"

"Orí mi ni. Sípíríǹgì ti le jù, mo ní kí ṣọ́ọ̀kì pẹ̀tù sí i."

"Fìlà oko nìkan ni orí yẹn wà fún."

Bíi gbogbo awakọ̀ dùríánì, ó ti fi irin mẹ́ta kún sípíríǹgì ẹ̀yìn nítorí ẹrù. Mo tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀, mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fò lẹ́ẹ̀mejìlá. Adìẹ tó bà lé e sá dé abúlé kejì, kò padà mọ́.

"Ohun tí o bá tì sí sípíríǹgì, yóò tì í padà," ni mo wí. "Ṣọ́ọ̀kì ló ń dì í mú. Okùn ẹfọ̀n lo fi lé ọmọ ọwọ́ lọ́wọ́."

"Ṣé kí n ra èyí tó le jù ni?"

"Ìyẹn náà yóò máa gbọn ère bí àtẹ ìrẹsì. Ère kò wúwo tó dùríánì. Jẹ́ ká yọ irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Bàbá, dùríánì yóò pọ́n lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, irin yẹn ló ń gbé e."

A yọ méjì, a fi ọ̀kan sílẹ̀, a wá bẹ̀rẹ̀ sí í dán ṣọ́ọ̀kì wò. Oríṣi kẹta la dé kí ìdí ọkọ̀ tó gòkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó sì jókòó. Bupha gbé abọ́ omi sẹ́yìn, ó gba orí afárá lọ, ó gbà á bọ̀. Omi tó dànù kò ju ìdajì ìka lọ.

Lọ́jọ́ Songkran, Prayat fúnra rẹ̀ gun ẹ̀yìn ọkọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ère mú. Nígbà tí wọ́n dé orí afárá, ó di ojú. Ìdí ọkọ̀ gòkè lẹ́ẹ̀kan, ó sì jókòó.

Bupha wò ó nínú dígí.

"Baálẹ̀, ṣé ẹ ti sùn ni?"

Prayat la ojú, ó wo ère, ó sì rọra mú ọwọ́ kúrò lára rẹ̀.