Ọjọ́ tí A Lọ Kí Ajẹ́lẹ̀ ní Ìsẹ́yìn

Ìdí òfì ni mo wà láàárọ̀ ọjọ́ tí ayé wa dàrú. Òfì àwa obìnrin ni, èyí tí à ń gbé ti ògiri, kì í ṣe èyí tí àwọn ọkùnrin Ìsẹ́yìn ń na òwú rẹ̀ gbọọrọ sílẹ̀ yìí. Aṣọ ìbora ni mò ń hun fún ọkọ mi, baba Àríkẹ́. Òwú aláró àti òwú funfun ni mo fi ṣe é, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí etí rẹ̀ yàtọ̀. Fìlà pupa kan wà tí ọkọ mi ti ń dé láti ìgbà àpọ́n, tó ti gbó kanlẹ̀. Mo tú u, mo tún òwú rẹ̀ lọ́, mo fi fa ìlà pupa kan sí etí aṣọ náà. Nígbà tó rí i, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ obìnrin yìí, o ò tiẹ̀ jẹ́ kí fìlà mi kú kó sinmi." Mo ní kó máa lọ, pé orí rẹ̀ ti tóbi jù, fìlà náà ò gbà á mọ́. Ẹ̀rín tí a jọ rín kẹ́yìn nìyẹn.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá odò Ọ̀pàrà lọ tajà, ẹ̀ ń padà wá. Òdìkejì odò yẹn ni abúlé wa wà, lábẹ́ Faransé. Yorùbá ni wá lọ́hùn-ún, Yorùbá ni wọ́n níhìn-ín, òyìnbó ló fa ààlà sáàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Nígbà tí mò ń wí yìí, àwọn òyìnbó ń bá Jámánì jà nílùú wọn, Faransé sì ń kó àwọn ọkùnrin wa lọ sójú ogun. Wọ́n kó àwọn ti àkọ́kọ́ lọ, a ò rí ẹyọ ẹnì kan kó padà. Wọ́n tún dé. Àwọn ọkùnrin abúlé wa àti ti àwọn abúlé àyíká fi ohùn ṣọ̀kan pé ó tó gẹ́ẹ́.

Wọn ò gbé ìbọn o. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, nítorí irọ́ pọ̀ nínú ohun tí àwọn èèyàn ń sọ. Olúọdẹ, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n baba ọkọ mi, ló ní kí gbogbo ọdẹ fi ìbọn sílẹ̀ nílé. Ewé tútù ni wọ́n já, oníkálukú mú un dání. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá mú ewé tútù lọ́wọ́ wá sọ ohun tó ń dùn ún ni, kò wá jà. Wọ́n lọ dúró níwájú àgọ́ ṣọ́jà, wọ́n ń kọrin pé àwọn ò lọ, àwọn ò lọ. Mo ń gbọ́ orin náà láti ìdí òfì. Èmi náà ń kọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ọwọ́ mi sì ń bá iṣẹ́ lọ.

Orin náà gé. Ìró ìbọn ló tẹ̀ lé e, kò sì jọ ti ọdẹ. Ìbọn ọdẹ á dún, á dákẹ́, ẹ ó sì máa retí ẹran. Èyí ò dákẹ́. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wọlé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára, ewé ṣì wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Ọkọ mi ò sí nínú wọn. Nígbà tó yá, a rí èéfín láti apá àgọ́, àwọn ṣọ́jà ti ń ti iná bọ òrùlé ilé wa. Ẹnì kan ń ké pé, "Ẹ sá o! Wọ́n ń bọ̀ nílé-nílé!"

Mo fi ọ̀bẹ gé aṣọ kúrò lórí òfì. Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi dúró gé e. Obìnrin kan gbé ìkòkò òfìfo, òmíràn gbé ìgbálẹ̀. Mo fi ọ̀já gbá Àríkẹ́ mọ́ ẹ̀yìn, mo di aṣọ náà mọ́ àyà, a wọ igbó.

Ìgbà tí èso ẹmi ń já lulẹ̀ ni. Òun la jẹ. Tí a ò bá rí i, a ó jẹ ewé, a ó mu omi. Inú Àríkẹ́ dàrú, ó ń sunkún, àwọn yòókù sì ń bẹ̀ mí pé kí n pa á lẹ́nu mọ́ kí ṣọ́jà má baà gbọ́. Mo fi ọwọ́ bò ó lẹ́nu. Bí ó bá ti dákẹ́ jù, ẹ̀rù á tún bà mí, n ó ṣí ọwọ́ wò ó. Nígbà tí a dé odò Ọ̀pàrà, ó ti kún. Olúọdẹ bá wa níbẹ̀, ọta ìbọn ti ya apá rẹ̀. Ọwọ́ kan ló fi so okùn mọ́ igi, a dì í mú, a ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin tó gbé ìkòkò ò fẹ́ ju ìkòkò náà nù. Omi gbé e lọ.

Ìwéré-Ilé la sá dé. Wọ́n fún wa lẹ́kọ, wọ́n fún wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn, Ọlọ́run ló máa san án fún wọn. Ibẹ̀ ni Olúọdẹ ti pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó, ọkọ rẹ ò kú. Mo fojú mi rí i. Wọ́n fi okùn dè é mọ́ àwọn yòókù lọ́rùn, wọ́n tì wọ́n mọ́ àgọ́. Wọ́n fẹ́ kó wọn lọ sí etíkun, kí ọkọ̀ ojú omi gbé wọn lọ sógun."

Mo ní, "Baba, kí la máa ṣe?"

Ó ní, "Òyìnbó ló mú wọn, òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ló lè gbà wọ́n. A máa lọ bẹ Gẹ̀ẹ́sì."

Àwọn ará Ìwéré-Ilé ní Ajẹ́lẹ̀, òyìnbó tí Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe olórí agbègbè yìí, wà ní Ìsẹ́yìn, ó ń gbọ́ ẹjọ́. A fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ẹsẹ̀ mi wú, ṣùgbọ́n ọkàn mi fúyẹ́ díẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ nílé ayé ni kí wọ́n tú okùn yẹn kúrò lọ́rùn baba Àríkẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé etíkun.

Agboolé ahunṣọ kan la wọ̀ sí ní Ìsẹ́yìn. Baálé ibẹ̀ yá Olúọdẹ ní agbádá, nítorí èyí tó wà lọ́rùn rẹ̀ ti gbẹ fún ẹ̀jẹ̀. Bí a ṣe ń múra àtijáde, Olúọdẹ na ọwọ́ sí mi.

"Mú aṣọ yẹn wá."

"Baba, aṣọ ọkọ mi ni."

"Mo mọ̀. A kì í lọ kí ọlọ́lá lọ́wọ́ òfìfo. Kí la tún ní?"

Mo fún un. Lóòótọ́, a ò ní nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ohun tó tún sọ ló kó mi láyà sókè. Ó ní a ò ní dárúkọ ẹ̀bẹ̀ lónìí. Ó ní a kì í gbé ẹjọ́ ka àgbà lórí lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ fojú kàn án. Lónìí a ó kí i, a ó fún un lẹ́bùn, a ó padà. Lọ́la a ó wá bẹ̀ ẹ́, ojú á ti mọ ojú.

Mo ní, "Baba, ọmọ yín wà lórí okùn!"

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀? Láti kékeré ni mo ti ń bá ọba sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá kánjú bẹ̀bẹ̀, wọ́n á kánjú lé e." Àwọn àgbà yòókù ní òótọ́ ló sọ. Òótọ́ náà sì ni, láàárín àwa ara wa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ táláyé ti dáyé.

Òyìnbó méjì la bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí Ajẹ́lẹ̀ ń gbé. Ajẹ́lẹ̀ ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́. Èkejì kúrú, ó ní irùngbọ̀n, eruku bo bàtà rẹ̀, wọ́n jọ ń mu nǹkan. A rò pé ọmọ iṣẹ́ Ajẹ́lẹ̀ ni. Àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwa obìnrin kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ògbifọ̀ tó ń túmọ̀ èdè fún Ajẹ́lẹ̀ bi wá pé, "Ajẹ́lẹ̀ ní kí lẹ bá wá?"

Olúọdẹ ní, "A wá kí wọn ni. Ẹ bá wa kí wọn kú ìrìn, kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ bá wa kí àlejò wọn náà."

Ó na aṣọ náà síwájú. Ajẹ́lẹ̀ gbà á, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Èyí tó ní irùngbọ̀n na ọwọ́ sí i, ó fi ìka tọ ìlà pupa náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wù ú. Ajẹ́lẹ̀ bá fà á lé e lọ́wọ́, ó fi ta á lọ́rẹ.

Ògbifọ̀ tún sọ̀rọ̀. "Ajẹ́lẹ̀ ní apá bàbá yìí ń ṣẹ̀jẹ̀. Ṣé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn?"

Mo gbé orí sókè. Mo ní, "Baba..." Olúọdẹ yí ojú sí mi, mo tún tẹ orí ba. Ó sì dá ògbifọ̀ lóhùn pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Kò sí o. Àlàáfíà la wà."

Nígbà tí a padà lọ lọ́jọ́ kejì, Ajẹ́lẹ̀ nìkan la bá. Olúọdẹ rojọ́ náà, kí n má purọ́, ó mọ̀ ọ́n rò. Ó sọ ti ewé tútù, ó sọ ti orin, ó dárúkọ àwọn tó kú, ó bẹ Gẹ̀ẹ́sì pé kó bá wa dá Faransé lẹ́kun. Omi ń bọ́ lójú ògbifọ̀ bó ṣe ń túmọ̀ rẹ̀.

Ògbifọ̀ ní, "Ajẹ́lẹ̀ ní ọ̀rọ̀ yìí ba òun nínú jẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé kì í ṣe ilẹ̀ àwọn. Àwọn àti Faransé jọ ń bá Jámánì jà ni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò lè pàṣẹ fún un nínú ilé rẹ̀."

N ò lè dákẹ́ mọ́. Mo ní, "Bí kò bá lè pàṣẹ, kò lè bẹ̀ ẹ́ ni?"

Wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ògbifọ̀ ò wo ojú wa nígbà tó yí padà. Ó ní, "Ajẹ́lẹ̀ ní ẹni tí òun ìbá bẹ̀ lẹ rí lánàá. Òyìnbó tó gba aṣọ yín, Faransé ni, òun ni ọ̀gá àgọ́ tí wọ́n ti àwọn èèyàn yín mọ́. Àlejò òun ni. Bí ẹ bá ti sọ ọ́ níṣojú rẹ̀, òun ìbá bẹ̀ ẹ́ bí ọ̀rẹ́ ṣe ń bẹ ọ̀rẹ́, bóyá ìbá tú díẹ̀ sílẹ̀. Ó ti gun ẹṣin lọ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀yin lẹ ní àlàáfíà lẹ wà."

Áà! Mo ké. N ò mọ ohun tí mo wí, wọ́n ní "fìlà, fìlà" ni mo ń ké ṣáá. Olúọdẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú agbádá àyálò, a ò lè gbé e dìde. Ajẹ́lẹ̀ ní òun á sọ fún àwọn tó ju òun lọ. A dúró, a dúró. Bóyá ó sọ, bóyá kò sọ, ọ̀rọ̀ kankan ò padà wá bá wa.

Ibi tí a wà yìí, ní Komu, ni wọ́n ti fún wa nílẹ̀ dáko. Olúọdẹ ò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Èèyàn rere ni, òun ló fi apá kan fà mí kọjá odò. Mo ṣì ń bínú sí i. Ó ti jẹrà nínú ilẹ̀, mo ṣì ń bínú sí i.

Ogun òyìnbó parí, ilẹ̀ pa rọ́rọ́. Kò sí ìbọn, kò sí orin. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọkùnrin kan wọlé tọ̀ mí wá, Ìdòwú, ọmọ abúlé wa, àpá okùn yí ọrùn rẹ̀ ká. Okùn kan náà ni wọ́n fi de òun àti ọkọ mi.

Ó ní, "Ìyá Àríkẹ́, ọ̀gá àwọn ṣọ́jà àgọ́ náà ti ìrìn àjò dé lórí ẹṣin lọ́jọ́ kan, ó da aṣọ kan bo èjìká. Bí ọkọ yín ṣe rí i, ó pariwo pé, 'Fìlà mi nìyẹn!' A rò pé orí rẹ̀ ti yí. Ó fi ìlà pupa hàn wá. Ó ní, 'Ìyàwó mi ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n ti gba ẹ̀bẹ̀ wa. Ta ló máa gba aṣọ ẹni tí kò ní gba ọ̀rọ̀ ẹni?' Inú gbogbo wa dùn lọ́jọ́ náà."

Mo ní kó máa sọ ọ́ lọ.

"Nígbà tí wọ́n ń kó wa lọ sí etíkun, okùn já lẹ́bàá odò kan. Àwa kan bẹ́ sínú igbó. Mo di ọwọ́ ọkọ yín mú, mo fà á. Ó kọ̀. Ó ní, 'Ẹ máa lọ. Bí èmi bá sá, wọ́n á ní òpùrọ́ ni ìyàwó mi tó wá bẹ̀bẹ̀ fún mi. Wọn ò ní pẹ́ tú mi sílẹ̀.' Ó jókòó sójú ọ̀nà, ó ń dúró dè wọ́n."

Wọ́n gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi. N ò gbọ́ nǹkan kan mọ́ títí di òní.

Mo ṣì ń hun aṣọ, ẹ rí òfì mi lára ògiri yẹn. N kì í fi pupa sí i. Àwọn ará Komu ní àwọn ọmọ ilé mi ò mọ èèyàn kí, pé kí wọ́n tó kúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń rojọ́. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Bí èèyàn bá yọ lẹ́nu ọ̀nà mi, n ó ní kó kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé e wá. Ẹni tó bá sì ní òun kàn wá kí mi ni, ara mi kì í balẹ̀ títí yóò fi lọ.