Ọ̀nà Pẹrẹsẹ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Yàn

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé mo fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun, kí n gun kẹ̀kẹ́, kí n sì tún sáré, gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ni mo jí nǹkan ẹ̀. Mo ní ìdíje ni. Wọ́n ní báwo ni ti kẹ̀kẹ́ yẹn ṣe máa jìnnà tó. Mo ní á tó bí ẹni gbéra l'Óṣòdì tó ń lọ sí Abẹ́òkúta, eré tó máa tẹ̀ lé e á sì tó bí ẹni ń sáré lọ sí Ọ̀tà. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ṣé mọ́tò ti tán ní gáréèjì ni?" Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu wọn. Kò pẹ́ tó fi jáde: "Ìwọ Abẹ̀rẹ̀-má-parí yìí náà?"

Orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí láti kékeré nìyẹn, mi ò sì lè ní wọ́n parọ́ mọ́ mi. Mo sá kúrò nílé kéú nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún wa, bẹ́ẹ̀ ìyá mi ti rán aṣọ funfun sílẹ̀. Mo kọ́ṣẹ́ télọ̀ n'Ísọlọ̀, mo fi sílẹ̀ kí n tó gba fírídọ́ọ̀mù. Mo wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, nígbà tó ku ọdún kan ni mo kó ẹrù mi wálé. Ní àkókò tí mò ń sọ yìí, mo ti ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Àjàó Estate, mo ti ń múra bí èèyàn gidi, síbẹ̀ bí àlejò bá béèrè mi, orúkọ yẹn náà ni ìyá mi fi ń júwe mi. Ó ń dùn mí ju bí mo ṣe ń fi hàn lọ. Ni mo bá pinnu pé ìdíje yìí ni n ó fi bọ́ orúkọ náà sọnù. N ó parí nǹkan kan láyé mi, ojú ìyá mi ni n ó sì ti parí ẹ̀.

Ó wá ku èwo ni n ó lọ, nítorí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ pọ̀ kárí ayé. Àwọn kan wà tí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ wọn ń pọ́nkè, tó ń sọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, tó tún ń pọ́nkè. Àwòrán wọn nìkan ń mú mi mí hẹlẹhẹlẹ. Èmi tó jẹ́ pé bíríìjì nìkan ni òkè tí mo mọ̀, kí ló kàn mí kan òkè? Mo rí ọ̀kan ní orílẹ̀-èdè tó múlé gbè wá, létí òkun, tí ọ̀nà rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo fọwọ́ lu tábìlì. Mo sáré lọ sọ fún olùkọ́ tó ń kọ́ mi ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ó mi orí, ó ní, "Bọ̀dá, ẹni tó ń gun òkè máa sọ̀ kalẹ̀, ó máa sinmi. Ibi pẹrẹsẹ yẹn, níbo lẹ ti fẹ́ sinmi?" Mo ní ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹni tí kò bá gbọ́ ti ẹnu ẹga, á ní ẹga ń pàtótó.

Ìdí tí ọkàn mi fi balẹ̀ ni pé mo ti ń wa kẹ̀kẹ́ ní ilẹ̀ títẹ́jú láràárọ̀ Sátidé, láti Ṣógúnlé dé Ìsọlọ̀, kí n tún ṣẹ́rí padà, kí n tún lọ. Àmọ́ ohun kan wà nílé wa. Ẹnikẹ́ni kì í kí àgbà látorí kẹ̀kẹ́. Ìyá mi ti fọ́ mi létí nítorí ẹ̀ nígbà kan, wọ́n ní ẹni tó bá wà lókè tó ń kí àgbà nílẹ̀, èébú ló ń bú u. Torí náà, bí mo tiẹ̀ ti hurùngbọ̀n, bí mo bá rí àgbà lọ́nà, n ó sọ̀ kalẹ̀, n ó dọ̀bálẹ̀, wọn á béèrè ilé, wọn á béèrè iṣẹ́, wọn á ṣàdúrà, n ó ṣe àmín, kí n tó tún gun kẹ̀kẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé àgbà ò lè wọ́n láàárín Ṣógúnlé sí Ìsọlọ̀ láàárọ̀. Ibi tí mo bá ti dúró bẹ́ẹ̀ náà ni mo ti ń mumi, tí mo ti ń ju èso dàbínù sẹ́nu. Aago ọwọ́ tí mo rà wá jẹ́ ọlọ́gbọ́n àṣejù: bí kẹ̀kẹ́ bá ti dúró, òun náà á dákẹ́, bí mo bá gbéra, á máa bá ìṣirò rẹ̀ lọ. Bí mo bá délé, á ní mo ti wa kẹ̀kẹ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Mo gbà á gbọ́, mo sì ń yan kiri ọ́fíìsì.

Ìyá mi ní àwọn ò ní jẹ́ kí n dá lọ kú sílùú onílùú, wọ́n bá mi lọ. Mo lúwẹ̀ẹ́ náà, mo jáde, ara mi yá. Mo gun kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà ibẹ̀ nà gbọọrọ létí òkun. A ó lọ, a ó bọ̀, lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo kọjú sí ọ̀nà tí a fi ń bọ̀, atẹ́gùn òkun dojú kọ mí, ó ń tì mí padà bí ẹni pé mo jẹ ẹ́ nígbèsè. Kò sí bíríìjì tàbí òkè tó lè dí atẹ́gùn náà fún mi. Bí mo bá dáwọ́ ẹsẹ̀ dúró díẹ̀, kẹ̀kẹ́ dúró nìyẹn. Ọrùn ń ro mí, ọwọ́ mi kú. Òùngbẹ wá gbẹ mí, mo nawọ́ sí ike omi, kẹ̀kẹ́ ta gọ́ọ́gọ́ọ́, díẹ̀ ló kù kí n ṣubú. Ìgbà náà ló tó yé mi pé mi ò mumi lórí kẹ̀kẹ́ tó ń lọ rí láyé mi. Ẹnu yà mí débi pé mo pariwo "háà" lójú ọ̀nà. Kò sí àgbà kankan tó máa dá mi dúró. Gbogbo àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún mi ní Ṣógúnlé, ìsinmi ni.

Orí àga oníke ni ìyá mi jókòó sí níbi tí a ti ń yí padà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo débẹ̀, mo fa búrèkì, mo sọ̀ kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú akoto lórí. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ìyá mi ń dáhùn pé, "Wàá jèrè, ọmọ mi." Lẹ́yìn tí mo lọ tán, ẹnì kan ṣàlàyé fún wọn pé àwọn alábòójútó máa dá ẹni tó bá pẹ́ dúró, pé ọmọ wọn sì ti wà lẹ́yìn. Nígbà kejì tí mo ń bọ̀, mo ti ń wá búrèkì, mo rí i tí wọ́n dìde. "Má sọ̀ kalẹ̀!" ni wọ́n kígbe. "Mo ní o ò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀!" Wọ́n mọ̀ mí, wọ́n mọ̀ pé mi ò ní lè kọjá níwájú wọn bẹ́ẹ̀. Ni wọ́n bá yí padà, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí mi, wọ́n kọjú sí òkun, kí n má baà rí ojú tí n ó kí. Ìyá mi tó fọ́ mi létí! Ẹ̀yìn wọn ni mo wò bí mo ṣe ń kọjá, mo sì ń sunkún.

Mo wa kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ìyẹn bí mi ò ṣe wà á rí. Síbẹ̀, ilẹ̀ pẹrẹsẹ ò mọ ẹkún. Nínú ìyípo kẹta, ọkọ̀ àwọn alábòójútó dé ẹ̀gbẹ́ mi, ọkùnrin kan na àsíá pupa sí mi. Mo ń lọ. Ó tún na àsíá, ó wá dúró síwájú mi, ó di kẹ̀kẹ́ mú, ó ní àkókò ti tán. Wọ́n gbé èmi àti kẹ̀kẹ́ sínú ọkọ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá mi, mi ò lè gbójú sókè. Mo ń retí orúkọ yẹn. Wọ́n ní, "Ìwọ lo dúró ni, àbí wọ́n dá ẹ dúró?"

Mo ní, "Wọ́n dá mi dúró ni, Màámi. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń yí."

"Dìde ńlẹ̀. Ó ti parí."

Òpin ìdíje ni mo rò pé n ó ti rí ìdáǹdè mi, mi ò sì débẹ̀. Láti ọjọ́ náà, n ò gbọ́ Abẹ̀rẹ̀-má-parí lẹ́nu wọn mọ́, ó sì ń yà mí lẹ́nu di báyìí tí irun wọn ti funfun báláú, tí èmi náà ti ń bímọ. Mi ò padà lọ sí ìdíje yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lójú wọn pé ṣé mo parí ẹ̀, mi ò tíì ní lanu kí wọ́n tó dáhùn:

"Ọmọ mi ò dúró o. Wọ́n dá a dúró ni."