Ọkọ̀ Tí Ìyá Aládùúgbò Mi Lè Jẹun Nínú Rẹ̀

"Ọ́ńkù, ẹ̀yin tí ẹ fi ìbéèrè ṣiṣẹ́ ṣe, ẹ wá bá mi bi àwọn ọlọ́kọ̀ yìí léèrè ọ̀rọ̀."

Ẹnu ọ̀nà wa ní Tallaght, lẹ́bàá Dublin, ni aládùúgbò mi dúró sí tó ń sọ bẹ́ẹ̀, aṣọ nọ́ọ̀sì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ìwé ìpolówó méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ Íńdíà ni, ọsibítù ńlá tó wà nítòsí wa ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ó mọ̀ pé akọ̀ròyìn ni mí, pé ó pẹ́ tí mo ti ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú àwọn èèyàn. Ọ́ńkù ló ń pè mí, nítorí lọ́dọ̀ tiwọn náà, ọmọdé kì í la orúkọ mọ́ àgbà lórí.

Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Gujarat wá kí i. Ó fẹ́ mú ìyá náà wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí omi fún ọ̀sẹ̀ kan, irú èyí tí wọ́n ń polówó fún ìtura ara: yógà láàárọ̀, kí wọ́n fi òróró wọ́ èèyàn lára lọ́sàn-án, oorun àsùnwọra lóru.

Ó ní, "Láti ìgbà tí mo ti dé Ireland, mi ò tíì bá ìyá mi lo ọ̀sẹ̀ kan láìjẹ́ pé mò ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Ó ti rẹ̀ mí, Ọ́ńkù. Ó ti rẹ ìyá mi náà."

Mo ní, "Kí wá ló dé tí o kò kàn ra tíkẹ́ẹ̀tì?"

Ó wo ilẹ̀. Ìgbà òtútù tó kọjá, ó fi bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò mú ìyá náà lọ sí ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ yìí. Àwọn tó ṣètò ìrìn náà ti fọwọ́ sọ̀yà lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ìyá náà ń wo oúnjẹ, wọ́n ń dá a padà. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti omi ni wọ́n fi gbéra ró títí wọ́n fi ṣubú lulẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nígbà tí wọ́n lajú ni ọmọ náà ò gbàgbé: "Tí mo bá tún ṣubú nílùú yìí, mi ò ní wá mọ́. Ìwọ ni wàá máa wá wò mí."

Ó ní, "Ìgbà wo ni n ó ráàyè máa lọ wò wọ́n? Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún bíi mélòó? Ọkọ̀ tí wọ́n máa jẹun nínú rẹ̀ ni mò ń wá, Ọ́ńkù. Ìyókù, ẹ̀bùn ni."

Mo bi í léèrè ohun tí ìyá náà kì í jẹ. Ó ní ẹlẹ́sìn Jéènì ni àwọn, ẹ̀sìn àtijọ́ kan ní Íńdíà, wọn kì í jẹ ẹran, wọn kì í jẹ ẹja, wọn kì í jẹ ẹyin, àlùbọ́sà àti aáyù náà, rárá. Tí oòrùn bá sì ti wọ̀, ìyá náà ò tún ní fi nǹkan kan kan ẹnu títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, àmọ́ ìyàwó mi, tó ń gbọ́ wa láti ilé ìdáná, ti jáde sí wa.

"Ó ti yé mi! Ó ti yé mi pátápátá. Tí Màmá bá dé, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ jẹun. Má dààmú, ọmọ mi."

Ìyàwó mi kì í gba bẹ́ẹ̀ kọ́ lórí ọ̀rọ̀ àlejò. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó dúpẹ́, ó lọ.

Kí ìyá náà tó dé, mo wo ìwé ìpolówó méjèèjì, ọ̀kan ti ọkọ̀ ńlá, èkejì ti ọkọ̀ kékeré. Èmi tí mo ti gbé pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé dúró níwájú kántà tó pọ̀, kì í ṣe oúnjẹ ni mo kọ́kọ́ wò. Èbúté ni mo wò. Ọkọ̀ ńlá ń lọ sí etí òkun Spain, ìyẹn á gba físà mìíràn. Ọkọ̀ kékeré kò kọjá àwọn erékùṣù Scotland, físà tí wọ́n fún ìyá náà sì gbà wọ́n láyè dé ibẹ̀. Mo sọ ọ́ fún aládùúgbò mi. Ó ní òun mọ̀, tí ọkọ̀ ńlá bá dáa fún ìyá òun, òun á tò fún físà náà. Ohùn tó fi sọ ọ́ jẹ́ kí n mọ èyí tó wà lọ́kàn rẹ̀. Inú ọkọ̀ ńlá ni wọ́n ti ní òróró oríṣiríṣi, yàrá ooru, òkúta gbígbóná tí wọ́n ń tò séèyàn lẹ́yìn, àti àwọn tó gbọ́n nínú ìtọ́jú ara ìbílẹ̀ Íńdíà.

Ìyá náà dé. Obìnrin tín-ín-rín, ẹlẹ́rìn-ín, tó ń pe ìyàwó mi ní "ben", ìyẹn àbúrò lóbìnrin lédè wọn. Wọn ò gbọ́ ju Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ lọ, ọmọ wọn ló ń túmọ̀ fún wa. Ìyàwó mi gba tíráàmù lọ ra nǹkan ọbẹ̀ ilẹ̀ wa ní Parnell Street ní Sátidé, ó sì se oúnjẹ tí mo rò pé á wọ ìwé ìtàn. Kò sẹ́ran, kò sẹ́ja, kò sí edé, kò sí àlùbọ́sà. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ àti ẹ̀gúsí ló rò pọ̀, epo rẹ̀ ń dán. Oòrùn ṣì wà lókè gan-an nígbà tó gbé e kalẹ̀, pẹ̀lú iyán tó funfun, tó ń fà.

Ìyá náà fi ìka kan iyán. "Kí nìyí, ben?"

"Iṣu ni, Màmá. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ o, iṣu lásán ni."

Ọmọ wọn fi àwòrán iṣu hàn wọ́n lórí fóònù. Ìyá náà wò ó. "Ibo ló ń so sí?"

"Abẹ́ ilẹ̀ ni," ni ìyàwó mi fi ọ̀yàyà dáhùn.

Ìyá náà rọra fa ọwọ́ wọn padà, wọ́n sì fi í sórí itan. Ọmọ wọn fi ọwọ́ bojú, n ò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún. "Àǹtí, gbogbo ohun tí wọ́n bá wú nínú ilẹ̀ ni wọn kì í jẹ. Ohun tí mo fẹ́ sọ níjọ́ yẹn nìyẹn."

"Nínú ilẹ̀?" Ìyàwó mi fìdí kalẹ̀. "Inú ilẹ̀ náà ni oúnjẹ wa wà! Iyán, ẹ̀bà, fùfú, láfún. Ká ní Èkìtì ni wọ́n bí Màmá sí ńkọ́?"

Ọmọ túmọ̀ rẹ̀. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ẹ sọ fún un pé n bá ti kú lọ́mọdé."

Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, nítorí mi ò lè ṣe kí n má béèrè. Wọ́n ní, "Tí ẹ bá já ewé, igi ṣì wà níbẹ̀. Tí ẹ bá wú gbòǹgbò, ẹ ti pa á, ẹ sì ti tú ilé àwọn kòkòrò tí kò ṣẹ̀ yín." Ìyàwó mi dìde, ó gbé iyán náà kúrò, ó bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó sì dín dòdò. Ìyá náà fi ẹ̀fọ́ jẹ ẹ́, wọ́n tún na àwo fún òmíràn.

Orí oúnjẹ yẹn ni mo ti rí ìbéèrè tí n ó bi àwọn ọlọ́kọ̀. Ìwé ìpolówó méjèèjì ló sọ pé àwọn ní oúnjẹ fún ẹni tí kì í jẹran. Ìyàwó mi náà ṣáà ní in, síbẹ̀ iyán ló gbé wá.

Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ ọkọ̀ ńlá láago, mo gbé fóònù sórí tábìlì kí gbogbo wa lè gbọ́. Obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dà bí oyin ló gbé e. Mo bi í nípa gbòǹgbò. Ó ní kò sí wàhálà, àwọn alásè wọn mọ̀ nípa rẹ̀. Inú aládùúgbò mi dùn, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Mo ní, "Aago mélòó ni wọ́n ń jẹun alẹ́?"

"A kì í lo aago, sà. Ìrìn-àjò ìwẹ̀mọ́ ara ni tiwa. Omi èso ni àwọn èèyàn wa ń mu láti àárọ̀. Tí oòrùn bá wọ̀, a ó lu agogo, gbogbo èèyàn á jókòó ti àbẹ́là, wọ́n á jẹun pọ̀ láìsọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù nìyẹn."

"Ẹnì kan ò lè jẹun ṣáájú kí oòrùn tó wọ̀?"

"Á ba ètò jẹ́ fún àwọn yòókù, sà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí mo ṣe pa fóònù, ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Ààwẹ̀ ni! Ààwẹ̀ ni wọ́n ń tà fún ọmọ aráyé! Ẹ ní kí wọ́n máa bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lóṣù kìn-ín-ní. Ọ̀fẹ́ la ó ṣe é fún wọn, a ó sì tún fi ìṣọ́ òru kún un."

Ọmọ náà túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi náà ń gbààwẹ̀. Àmọ́ nítorí ọkàn mi ni, kì í ṣe nítorí ìbàdí mi."

Aládùúgbò mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ lè máa jẹun nínú yàrá kí oòrùn tó wọ̀. Mo lè di oúnjẹ gbígbẹ fún yín. Tí wọ́n bá lu agogo, màá kàn lọ jókòó díẹ̀."

Ìyá náà yíjú sí i. Wọn ò bínú. "Kí èmi máa jẹun nínú báàgì, kí ìwọ máa wo àbẹ́là pẹ̀lú àwọn tí o kò mọ̀? Tí ó bá jẹ́ èmi nìkan ni n ó máa dá jẹun, ilé mi tó mi."

Ọmọ náà pa ìwé ìpolówó náà pọ̀, ó sì gbé e sábẹ́ ife tíì.

Ó ku ọkọ̀ kékeré. Kò ní òkúta gbígbóná. Ohun tí wọ́n kọ ni pé wọ́n á máa ṣe yógà lókè ọkọ̀ bí ojú ọjọ́ bá gbà, wọ́n á sì máa rìn ní etíkun. Mo ní kí wọ́n fún mi ní alásè. Wọ́n dá mi dúró títí, lẹ́yìn náà ọkùnrin kan tí ohùn rẹ̀ jọ ti àwọn ará Cork ní gúúsù Ireland gbé fóònù.

"Jéènì? Mi ò gbọ́ ọ rí."

Mo ṣàlàyé. Nígbà tí mo dé orí gbòǹgbò, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé Ireland náà lẹ ti ń pè mí yìí? Ẹ fẹ́ kí n sebẹ̀ láìsí pòtétò?"

"Fún ẹnì kan péré."

"Fún ẹnì kan péré!" Ó rẹ́rìn-ín. "Mi ò ṣe é rí, n ò ní parọ́ fún yín. Ṣé ìyá náà lè kọ́ mi?"

Mo gbé fóònù fún ìyá náà. Wọ́n sọ̀rọ̀, ọmọ wọn ń túmọ̀, alásè náà ń sọ pé "grand, grand", bí àwọn ará ibí ṣe ń sọ pé kò sí ìṣòro. Ẹ̀wà, ìrẹsì, ẹ̀fọ́ eléwé, tòmátì, wàrà. Ìyàwó mi ń pariwo lẹ́yìn pé kó má gbàgbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Mo gba fóònù padà, mo bi í nípa àkókò oúnjẹ alẹ́. Ó ní aago méje. Oṣù kẹfà ni ọkọ̀ náà ń lọ. Mo sọ fún ìyá náà pé ní àkókò yẹn, oòrùn á ṣì wà lójú ọ̀run pẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ.

Wọn ò gbà mí gbọ́. "Oòrùn wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀?"

Nígbà tí oṣù kẹfà kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ìyá náà àti ọmọ rẹ̀ wá dúró ní ẹ̀yìn ilé wa lẹ́yìn tí gbogbo wa ti jẹun alẹ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, oòrùn sì wà lórí òrùlé, kò tíì ronú àtilọ. Ìyá náà dúró wò ó fún ìgbà pípẹ́. Wọ́n sọ nǹkan kan fún ọmọ wọn.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Wọ́n ní kó máa wọ̀ nígbà tó bá wù ú. Àwọn á ti jẹun ṣan ẹnu kó tó wọ̀. Wọ́n ní ká ra tíkẹ́ẹ̀tì."

Èmi àti ìyàwó mi sìn wọ́n dé èbúté Dublin. Nígbà tí wọ́n padà, mo jókòó ti ọmọ náà bí ẹni ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí.

"Yógà ńkọ́?"

"Òjò ò jẹ́ ká ṣe ju ẹ̀ẹ̀kan lọ."

"Wọ́n jẹun?"

"Wọ́n jẹ ju èmi lọ. Alásè náà ń jáde wá wo àwo wọn bóyá ó ṣófo." Ó tún ní, "Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wá wọn títí, mi ò rí wọn. Mo ní wọ́n ti tún ṣubú. Mo bá wọn lókè, lórí àga gbọọrọ, wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora dé ọrùn, wọ́n ń sùn. Ọ́ńkù, láti kékeré mi, mi ò rí i kí ìyá mi sùn lọ́sàn-án rí. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mi ò jí wọn títí wọ́n fi pè wá sídìí oúnjẹ."

Mo lọ bá ìyá náà níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù wọn láti padà sílé. Mo bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe rí ọkọ̀ náà.

Wọ́n dáhùn, ọmọ wọn sì yára túmọ̀ rẹ̀: "Wọ́n ní kí ẹ tẹ alásè láago. Kí ẹ bi í bóyá á ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."