Iyán Ìyá Kóró àti Àìsàn tí Mo Fi Pamọ́

Ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má tíì bú mi!

Mo ń mu omi, òùngbẹ ò lọ. Mo ń jẹun, mo ń gbẹ. Ibi tí mo bá sì tọ̀ sí, èèrà á bò ó. Ìyá Kóró, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó lọ́kọ sí Kóró, ní ìtọ̀ olówó ló máa ń dùn, pé èèrà ti mọ̀ pé ọlá ń bọ̀. Inú mi dùn, èmi òpònú!

Nígbà tí ojú mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mo bá àwọn oníṣòwò lọ rí dókítà òyìnbó ní Ìlọrin. Ó ní àtọ̀gbẹ ni, kí n jìnnà sí oyin, kí n dín iṣu kù gidigidi. Iṣu kẹ̀? Èmi tí gbogbo Òsì mọ̀ sí àgbẹ̀ oníṣu? Àṣàkẹ́ ìyàwó mi nìkan ni mo sọ fún, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ fẹ́nì kankan.

Ló bá ń se ẹ̀fọ́, ẹyin àti ẹran fún mi, iṣu bíńtín. Ìyá Kóró dé, ó rí egungun ọrùn mi, ó figbe ta: "Ìyàwó yìí fẹ́ febi pa ọ́!" Ó gúnyán, ó gbé oyin kalẹ̀. Ṣé mo kọ̀ ọ́? Mo jẹ ẹ́ o! Ó ń bú Àṣàkẹ́, èmi ń wá ẹran nínú ọbẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹbí fi pé jọ. Wọ́n ní kí Àṣàkẹ́ máa lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Òkè-Òpin. Wọ́n bi í ohun tí mo fi ṣẹ̀ ẹ́, kò fọhùn. Àṣírí mi ló ń bò! Èmi náà dákẹ́, akọni ọkùnrin.

Ó di ẹrù rẹ̀ tán, ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Kóró: "Ìyá mi, ẹ bá mi máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ ọkọ mi láràárọ̀. Egbò kì í tètè jinná lára rẹ̀ mọ́."

Omi bọ́ lójú mi. Ojú tì mí kọjá sísọ. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Ìyá Kóró wo ìkòkò oyin rẹ̀, ó ní ṣé òun ló ń pa àbúrò òun lọ báyìí? Ó bú sẹ́kún, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ tú ẹrù Àṣàkẹ́.

Ní báyìí, àwọn méjèèjì ló ń ṣọ́ ẹnu mi. Ìyá Kóró ló burú jù! Bí mo bá kọjá nídìí odó lásán, á wúkọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àtọ̀gbẹ kọ́ ló fẹ́ lé ìyàwó mi lọ, ìdákẹ́jẹ́ mi ni. Ta ló ń gba èébú tiyín mọ́ra nílé? Ẹ sọ fún wa, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ bẹ onítọ̀hún ná.