Adátukọ̀ àti Odò Elégbin

Adátukọ̀ ni wọ́n ń pè é, nítorí ọkọ̀ ojú omi tó fi ń díje kò gbà ju ẹnì kan lọ. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, àjẹ̀ kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì. Ẹ̀yìn ló ń kọ síbi tó ń lọ. Ẹni tó bá ti fi sẹ́yìn nìkan lojú rẹ̀ ń rí.

Eré náà wù ú dé egungun. Odò tí ẹgbẹ́ wọn ti ń tukọ̀ ló ń rí i lára. Ilé iṣẹ́ tó ń fá awọ ẹran láti fi ṣe bàtà wà lápá òkè, gbogbo ìdọ̀tí wọn ló sì ń ṣàn wá bá a. Bó bá gbé àjẹ̀ sókè, ọ̀rá àti irun ẹran á so rọ̀ létí àjẹ̀ náà. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó bó kò jiná rí, ṣe ló ń kẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé kì í jẹ́ kó wọlé láìtíì wẹ̀ lẹ́yìnkùlé.

"Dúró síbẹ̀! O ń rùn bí òkú ewúrẹ́. Ṣé eré ìdárayá nìyí àbí ìyà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Tí mo bá ti gbégbá orókè, màá kúrò níbẹ̀."

Lọ́dún tí wọ́n gbé àṣekágbá wá sórí odò náà gan-an, èébì gbé e ní ìdajì ọ̀nà. Ó bì í sára, kò sì dá àjẹ̀ dúró. Òun ló gbégbá orókè.

Alága ẹgbẹ́ ló fẹ́ fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn; bàbá yìí kan náà ló ni ilé iṣẹ́ awọ. Ó fi áńkáṣíìfù bomú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"O káre, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, o ń rùn."

Adátukọ̀ dá a lóhùn: "Òórùn tèmi kọ́, sà, tiyín ni. Ẹ̀yin lẹ dà á sómi, èmi kàn bá yín gbé e wá ni."

Ó yíjú padà, ó fi àmì-ẹ̀yẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ bàbá náà. Olùkọ́ rẹ̀ sáré tẹ̀ lé e.

"Ṣé orí ẹ pé? Lọ bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n má baà lé ẹ!"

"Kí wọ́n lé mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ wa, ẹ ò fẹsẹ̀ kan omi yẹn rí. Ojú ò tì yín?"

Olùkọ́ padà sọ́dọ̀ Alága.

Wọ́n lé Adátukọ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ lóòótọ́. Ó lọ bá ẹgbẹ́ kékeré kan lórí adágún tó mọ́, níbi tí gbogbo ọkọ̀ ti gbó. Kò gbégbá orókè mọ́. Ipò kẹta ló ga jù tó dé kó tó fẹ̀yìn tì. Àmọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ jiná. Ilé iṣẹ́ awọ ṣì ń da ẹ̀gbin sódò, Alága ṣì ń fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́rùn. Bí wọ́n bá bi í bóyá ó kábàámọ̀, á kọ́kọ́ tutọ́ sílẹ̀.

"Ohun tó ń dùn mí ni pé mo pẹ́ lórí odò yẹn."