Akàn tí Tokuji Kò Lè Gbé Mì

Bí ẹ bá bi ẹlẹ́ja àdúgbò wa ní Himeji léèrè, yóò ní kò sí ẹni tó mọ adùn oúnjẹ bíi Morikawa Tokuji. Bí ẹ bá bi ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, yóò ní bí ẹni ń rọ epo sínú ọkọ̀ ló ṣe ń jẹun. Mo mọ àwọn méjèèjì. N kò rí èyí tó purọ́ nínú wọn.

Nígbà òtútù tó kọjá, òun àti Fumie, ìyàwó rẹ̀, lọ sí Kinosaki, ìlú ilé ìwẹ̀ omi gbígbóná, láti ṣe àjọ̀dún ọgbọ̀n ọdún ìgbéyàwó wọn. Ọ̀fun Tokuji ti ń dí láti ìgbà ìkórè. Dókítà rí kókó níbẹ̀. Ó ní iṣẹ́ abẹ kò gbọdọ̀ pẹ́, kí ó mú ìyàwó rẹ̀ wá kí wọ́n jọ sọ̀rọ̀. Tokuji tẹrí ba, ó dúpẹ́, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó rò pé bí òun bá lè jẹ akàn lẹ́ẹ̀kan péré lójú Fumie, a jẹ́ pé àrùn náà kò tíì tó nǹkan. Àwọn ọlọ́gbọ́n ti gbára lé ẹ̀rí tó kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án, wọ́n wọ bàtà onígi, wọ́n ń ti ilé ìwẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn létí odò. Fumie ra búrẹ́dì ẹlẹ́ran gbígbóná.

"Ẹ jẹ ẹ́ kó tó tutù, Bàbá."

"Mo ń fi àyè sílẹ̀ de akàn ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ máa ń jẹ méjì kí n tó sanwó ọ̀kan?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó bù ú jẹ. Nígbà tí Fumie yíjú sí odò, ó tu ú sínú aṣọ ìnura.

Nírọ̀lẹ́, akàn dé. Ẹni tó ń jẹ akàn kì í sọ̀rọ̀. Ọwọ́ àti ẹnu ti níṣẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yìí ni Tokuji gbójú lé. Ó ń fọ́ ẹsẹ̀ akàn, ó ń yọ ẹran rẹ̀, ó ń tò ó sínú èèpo. Nígbà tí Fumie gbójú sókè, èèpo náà ti kún, Tokuji kò sì tíì fi ọ̀kan sẹ́nu.

Fumie fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a fi ń jẹun mú ẹran kan, ó nà án sí i. Àwo ló yẹ kí Tokuji gbé sábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìkánjú láti fi hàn pé òun fẹ́ jẹ mú kí ó fi igi tirẹ̀ gbà á. Ọwọ́ àwọn méjèèjì dúró gbagidi. Láti igi dé igi: egungun òkú tí iná ti jó nìkan là ń gbà báyẹn nílẹ̀ wa. Ẹran náà bọ́ sórí ẹní.

"Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń wúkọ́ ní balùwẹ̀," ni Fumie wí. "Ṣé ẹ rò pé ògiri ilé wa nípọn ni?"

"Akàn ni mo ní kí o wá jẹ, Ìyá, kì í ṣe ìròyìn."

"Mo ti jẹ ẹ́. Kí ni dókítà wí?"

"Ó ní kí n mú ẹ wá."

Fumie bẹ̀rẹ̀ sí í fi bébà ṣa ẹran tó bọ́ sílẹ̀. "Ṣé ẹ máa jẹ́ kí n tẹ̀ lé yín lọ, àbí ẹ̀yìn ògiri ni mo tún ti máa gbọ́ ọ?"



Obìnrin ilé àlejò wọlé, ó da ìrẹsì sínú omi akàn tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò orí iná kékeré tó wà níwájú wọn, bí a ti ń ṣe é. Kò pẹ́ tó fi nawọ́ láti pa iná. Tokuji tẹrí ba fún un.

"Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó pẹ́ sí i lórí iná," ó wí, kí ìyàwó rẹ̀ lè gbọ́. "Ọ̀fun mi kò gba ohun líle mọ́."